Ìkaraun àti orí ọta ráífù: èwo nínú irinṣẹ́ àti ọ̀nà wọ̀nyí ló bá ìbọn yín mu?

Tí orí ọta yín bá ń wọ́, tó ń há, tó ń bó lára, tàbí tí ọta tẹ́ ẹ tún dì tán ò fẹ́ wọ inú ìbọn mọ́, ẹ má tíì sáré lọ ra dáì tuntun o, ìyẹn irin oníhò tó ń wọ orí pírẹ́sì, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń tẹ ìkaraun àti orí ọta. Ẹ kọ́kọ́ mú ìkaraun yẹn wò, ìyẹn ara bàbà tó gba ẹ̀tù, tí wọ́n ń tẹ orí ọta sí lẹ́nu. Èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà táwọn èèyàn ń gbé wá lórí títẹ ọta, ibi tí wọ́n ti ń tún ìkaraun ṣe ló ti bẹ̀rẹ̀: ẹnu tí wọn ò gé dọ́gba, etí tí wọn ò ha, ọrùn tó ti le jù, ìpara tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù. Nǹkan kéékèèké tí owó wọn ò tó nǹkan ni, àmọ́ owó ńlá làwọn èèyàn ń ná síbi tí kò kàn.

Àwọn tí mò ń kọ èyí fún ni àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ tó wà ní Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní pẹ̀rìmí ọdẹ tàbí tí wọ́n wà nínú kúlọ́bù tí wọ́n ti ń yin ìbọn sí àmì, tí òfin ibẹ̀ gbà kí wọ́n máa tún ọta ara wọn dì. Tí wọ́n bá dé fún fakáǹsì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bi wá nìyí. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ọdẹ wa nílé, ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ wọn àbí ìbọn kálíbà dúùsì, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wọ́n. Ẹni tó bá sì wà nílé, kó rántí pé àdéhùn CEDEAO, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá lọ́dún 2006 ka ọta pọ̀ mọ́ ìbọn, torí náà láìsí ìwé àṣẹ lọ́wọ́, ẹ má dán an wò. Mi ò sì ní sọ ìwọ̀n ẹ̀tù kankan níbí, ìwé tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù àti ọta ń tẹ̀ jáde ni kẹ́ ẹ máa wò fún ìyẹn, kì í ṣe ẹnu èèyàn.

Ìkaraun wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?

Mẹ́ta ló wà: tuntun látinú páálí, èyí tẹ́yin fúnra yín ti yìn nínú ìbọn yín, àti èyí tẹ́ ẹ ṣà nílẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ rà ní àpò-àpò lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Tèmi, èyí tẹ́ ẹ yìn nínú ìbọn tiyín ni mo fẹ́ràn jù, ó ju tuntun lọ pàápàá. Bàbà àti síǹkì ni wọ́n fi ń ṣe ìkaraun, nǹkan bíi ìdá 70 bàbà àti ìdá 30 síǹkì, bí iná bá sì ti gbà á nínú yàrá ìbọn, ibi tí ọta ń jókòó sí kẹ́ ẹ tó yìn ín, ńṣe ló máa ń fẹ̀ tí á gba ìrísí yàrá yẹn gẹ́lẹ́. Ìbọn yín ti wọn aṣọ fún un nìyẹn. Tuntun náà dáa, àmọ́ ẹnu rẹ̀ sábà máa ń wó díẹ̀ nínú páálí, etí rẹ̀ ò sì tíì dán, ẹ gbọ́dọ̀ tún ọrùn rẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó tẹ ọta sí i.

Àṣàjọ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ ò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìn ín, orúkọ tó wà nídìí wọn ò dọ́gba, èyí tó ti ilé iṣẹ́ kan wá nípọn ju ti èkejì lọ, torí ẹ̀ ni ọta kan fi máa há tí èkejì á sì rọ̀ nínú dáì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Tó bá sì jẹ́ ti ológun, wọ́n máa ń fún etí ihò amọ́sì (ohun kékeré nídìí ọta tó ń tan iná sí ẹ̀tù) mọ́ amọ́sì kó má baà yọ, tẹ́ ẹ bá yọ ti àtijọ́ tán, tuntun ò ní wọlé àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fá etí yẹn tàbí tẹ́ ẹ fi irin tẹ̀ ẹ́ gbòòrò. Ẹ tún tan iná wo inú ẹ̀, irú méjì ló wà: ihò kan ṣoṣo láàárín ni Boxer, ihò kéékèèké méjì ni Berdan. Berdan máa ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó ń yọ amọ́sì, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ má bá a ja.

Ẹ wo ìdí ìkaraun náà dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí ilà tó ń dán yí i ká ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan sókè ìdí, ẹ fi wáyà tínrín tẹ́ ẹ ti tẹ̀ lórí kọ́ inú ẹ̀ wò, tí wáyà bá bọ́ sínú kòtò, ìkaraun yẹn ti ń já nìyẹn, ẹ fi pílíà tẹ ẹnu ẹ̀ pa kẹ́nikẹ́ni má tún lò ó mọ́.

Fífọ̀ gbẹ àbí fífọ̀ tútù

Èyí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fífọ̀ gbẹ, ìyẹn kí másíìnì máa gbọn ìkaraun nínú pòròpórò àgbàdo tí wọ́n lọ̀ tàbí èèpo wólínọ́ọ̀tì, ó pẹ́ ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú ọrùn tó ń jẹ́ kí ọta wọlé pẹ̀lẹ́. Fífọ̀ tútù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ irin tí kì í dípẹtà máa ń mú un dán bíi tuntun, ihò amọ́sì náà á mọ́, àmọ́ ó máa ń mọ́ jù nínú ọrùn, ọta á wá máa wọlé ní gbígbẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tútù, ẹ fi lẹ́búlẹ́bú gíráfáìtì díẹ̀ sínú ọrùn kẹ́ ẹ tó tẹ ọta. Ẹni tó bá sì ń ṣe é ní Àjàṣẹ́ níbí lásìkò òjò, tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ò jẹ́ kí nǹkan gbẹ, kó má gbẹ́kẹ̀ lé òru kan, omi máa ń fara pa mọ́ sínú ihò amọ́sì, omi yẹn á sì ba amọ́sì tuntun jẹ́. Oòrùn ọ̀sán gidi tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso ló dáa. Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ mú, eruku yẹn ní òjé nínú, ẹ ṣe é níta, kẹ́ ẹ sì fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó fi kan oúnjẹ.

Fífún ọrùn nìkan àbí fífún gbogbo ara

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré kọjá.

Ìkaraun tí wọ́n ti yìn ti fẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tì í wọ inú dáì kó lè fún un padà. Dáì ọrùn máa ń fún ọrùn nìkan, á fi ara àti èjìká (ibi tí ara ti ń dín wọ ọrùn) sílẹ̀ bí ìbọn ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Dáì gbogbo ara máa ń fún ọrùn, á fún ara, á sì ti èjìká sẹ́yìn.

Ohun tó dáa nínú ti ọrùn: ìkaraun máa ń pẹ́ torí kò ní fẹ̀ kó tún sún lọ sún bọ̀ púpọ̀, ìpara tẹ́ ẹ nílò ò pọ̀, àwọn kan bíi ti ilé iṣẹ́ Lee tó ń fi ìka irin di ọrùn mọ́ ọ̀pá inú ò tilẹ̀ nílò ìpara rárá, ọrùn sì máa ń tọ́ gan-an nínú ẹ̀. Ohun tí kò dáa: lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀mélòó kan, ara àti èjìká á ti kún yàrá ìbọn pátápátá, bóòtì, irin tẹ́ ẹ ń tì kí ọta lè wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í le láti tì, ẹ ó sì padà fún gbogbo ara náà ni. Ìkaraun yẹn ò sì ní wọ ìbọn ẹlòmíì.

Ti gbogbo ara, ó máa ń wọ ìbọn láìjà. Ẹni tó ń dọdẹ ìmàdò nínú igbó Faransé, tí àwọn tó ń lé ẹran ń pariwo bọ̀, tí ẹran náà sì fò kọjá lójú ọ̀nà, kò ní àkókò láti máa bá bóòtì jà. Ìbọn tó ń fúnra ẹ̀ ki ọta kejì, èyí nìkan ló lè lò, kò sí àríyànjiyàn. Àbùkù ẹ̀ ni pé ìtọ́ni tó wà nínú páálí dáì sábà máa ń sọ pé kẹ́ ẹ yí i wálẹ̀ títí táá fi kan irin tó di ìdí ìkaraun mú, kẹ́ ẹ tún fi díẹ̀ kún un, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìwọn nǹkan kan lè ti èjìká sẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá wá yìn ín, ìdí á fà, á tínrín, ilà tó ń dán tí mo sọ lókè yẹn ò ní pẹ́ yọ.

Torí náà tí wọ́n bá bi mí, mi ò mú ti ọrùn nìkan. Dáì gbogbo ara ni kẹ́ ẹ rà, àmọ́ kẹ́ ẹ ra ohun ìwọn èjìká tó ń dè mọ́ kálípà, irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń wọn mílímítà, pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ wọn ìkaraun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn, ẹ wá yí dáì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí èjìká á fi padà sẹ́yìn ní 0.025 sí 0.05 mm péré, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ fún ìbọn oní-bóòtì. Fún èyí tó ń fúnra ẹ̀ ki ọta, ẹ jẹ́ kó tó 0.08 sí 0.12 mm. Ẹ ó jèrè ohun tó dáa nínú méjèèjì, ìkaraun á pẹ́, á sì wọlé nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù inú dáì tún wà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń fa ìkaraun jáde nínú dáì lásán, bọ́ọ̀lù irin kan máa ń gba inú ọrùn kọjá láti mú un fẹ̀ dé ìwọ̀n. Tí inú ọrùn bá gbẹ, ẹ ó gbọ́ tó ń ké, bọ́ọ̀lù yẹn á sì fa ọrùn gùn, á tún wọ́ ọ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọta tó wọ́, dáì ìtẹ̀ta, ìyẹn èyí tó ń ti orí ọta wọlé, kọ́ ló wọ́ ọ, bọ́ọ̀lù yìí ni. Ẹni tí ò fẹ́ náwó, kó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ gíráfáìtì tàbí máíkà sínú ọrùn. Ẹni tó bá lówó, dáì oní-búṣìn bíi ti Redding wà, búṣìn ni òrùka irin inú ẹ̀ tẹ́ ẹ lè pààrọ̀, tẹ́ ẹ lè fi yan bí ọrùn ṣe máa há tó, ẹ wọn ọrùn ọta tẹ́ ẹ ti dì tán, ẹ mú búṣìn tó fi nǹkan bíi 0.05 mm kéré sí i. Ìyẹn á di orí ọta mú dáadáa fún ọ̀pọ̀ ìbọn ọdẹ. Tó bá há jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ọta yín ló máa jẹ ìyà ẹ̀.

Ìpara wo?

Ìpara bíi wáàsì tẹ́ ẹ fi ìka pa, fóòmù tí wọ́n fi òróró rin, àti èyí tí wọ́n ń fọ́n jáde. Wáàsì ni kẹ́ ẹ mú tí ìkaraun ò bá pọ̀, díẹ̀ bíńtín lórí ìka méjì á pa ìkaraun bíi mélòó kan, ẹ kàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí èjìká. Fóòmù ló ń jẹ́ kí èèyàn pa á jù, tó bá pọ̀ jù, kò síbi tí òróró fẹ́ gbà nínú dáì, á rọ́ èjìká wọlé, ẹ ó rí i bó ṣe ṣe kòtò. Kòtò kékeré ò burú, á tẹ́ padà tẹ́ ẹ bá yìn ín, àmọ́ èyí tó mú tàbí tó jìn, ẹ jù ú nù. Ti fífọ́n yá gan-an fún ẹni tó ní ọ̀pọ̀ ìkaraun, ṣùgbọ́n ọtí tó wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ tán kẹ́ ẹ tó fún un. Ẹni tó kánjú níbẹ̀ ni ìkaraun máa ń há sínú dáì ẹ̀, tó bá sì há tán, lílu ihò sí ìdí ẹ̀ àti fífi síkúrúù fà á yọ ló kù. Ẹ má gbà bí wọ́n bá sọ fún yín pé dáì olówó ńlá oní-kábáàdì ò nílò ìpara, ìyẹn wà fún ìkaraun ìbọn ìléwọ́ tó tọ́ gbọọrọ, ti ráífù tó ní èjìká ṣì nílò ẹ̀.

Ẹ nu ìpara kúrò tán kẹ́ ẹ tó dà ẹ̀tù sí i.

Gígé ẹnu àti híha etí

Ẹ kọ́kọ́ fún un, kẹ́ ẹ tó wọn ọ́n, kẹ́ ẹ tó gé e. Fífún máa ń mú ìkaraun gùn, ẹni tó bá gé e kó tó fún un ti ṣe iṣẹ́ òfo. Ìwọ̀n tí SAAMI, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìwọ̀n ìbọn àti ọta kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi sílẹ̀ nìyí fún kálíbà mẹ́ta tí mo mọ̀ pé ẹ ń lò jù, pẹ̀lú ibi tí àwọn ìwé sábà ní kẹ́ ẹ gé e dé:

.223 Remington: kò gbọdọ̀ ju 44.70 mm, ẹ gé e sí 44.45 mm
.308 Winchester: kò gbọdọ̀ ju 51.18 mm, ẹ gé e sí 50.93 mm
.30-06 Springfield: kò gbọdọ̀ ju 63.35 mm, ẹ gé e sí 63.09 mm

Tó bá gùn jù, ìparí yàrá ìbọn á fún ẹnu ìkaraun mọ́ orí ọta, orí ọta ò ní lè jáde wọ́ọ́rọ́, agbára inú á sì ga kọjá ààlà. Èyí léwu gidi, ó lè ba ìbọn jẹ́, ó lè ba ojú jẹ́.

Irinṣẹ́ méjì ló wà níwájú yín. Èyí tó kéré bíi ti Lee ní ọ̀pá tí wọ́n ti gé sí ìwọ̀n kálíbà kan, ẹ ò lè ṣì í gé, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ kálíbà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Èyí tó dà bíi léètì kékeré, bíi ti Forster tàbí L.E. Wilson, ẹ lè fi gé kálíbà púpọ̀, ẹnu á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ ó wọ́n, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa wọn ìwọ̀n ẹ̀ fúnra yín. Ẹni tó ní ìbọn kan ṣoṣo, kó gba ti Lee, kó fi owó tó kù ra kálípà tó dáa.

Tẹ́ ẹ bá gé e tán, etí á mú níta àti nínú. Ẹ ha òde fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wá ha inú. Bí inú yẹn ò bá dán, etí bàbà á máa bó ara ọta bí ọ̀bẹ ṣe ń bó èèpo ọsàn, ẹ ó rí ìbó bàbà pupa tínrín yí ẹnu ìkaraun ká, ọta náà á sì wọlé ní wíwọ́. Irin tó ha á ní dígírì 45 tó fún orí ọta tí ìdí ẹ̀ dín. Tẹ́ ẹ bá ń lo èyí tí ìdí ẹ̀ pẹrẹsẹ, tàbí èyí tó gùn tó tínrín fún ọ̀nà jíjìn, ẹ ra irin tó tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní VLD, ó máa ń ṣí ẹnu jìn wọlé, ọta á yọ́ wọlé. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, irinṣẹ́ kékeré yìí ló máa yanjú ìṣòro jù fún owó tó kéré jù, ẹ kọ́kọ́ rà á.

Fífi iná rọ ọrùn: kẹ́ ẹ ṣe é àbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀?

Bàbà máa ń le bí ẹ ṣe ń yìn ín tẹ́ ẹ sì ń fún un. Ọrùn tó le á máa padà sẹ́yìn lẹ́yìn tí dáì ti fún un, ọta kan á há, èkejì á rọ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹni tó ń yin ìbọn sí àmì, kó máa rọ̀ ọ́ níná. Ọdẹ tí ìkaraun ẹ̀ ò ju àádọ́ta lọ, kó kàn máa pààrọ̀ ìkaraun nígbà tó bá rí i pé ọrùn ti kọ́kọ́ ya. Ọrùn àti èjìká nìkan ni iná gbọ́dọ̀ kàn, ìdí ò gbọdọ̀ gbóná, torí ìdí tó bá ti rọ̀ ò ní lè gba agbára ẹ̀tù dúró mọ́.

Ìdí pẹrẹsẹ àbí ìdí tó dín

Orí ọta ìdí pẹrẹsẹ le láti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnu ìkaraun ò bá dán, á bó. Tẹ́ ẹ bá gbé e wọ́, á wọ́ wọlé. Èyí tí ìdí ẹ̀ dín máa ń fúnra ẹ̀ wá àárín, ẹ gbé e sẹ́nu ìkaraun ó dúró, torí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ á rò pé òun gan-an ló dáa jù.

Àmọ́ tí ìbọn yín bá wà fún igbó tí ẹ kì í ríran ju ọgọ́rùn-ún mítà tàbí díẹ̀ sí i lọ, bí igbó tó yí Kétu ká ṣe rí, àti bí igbó tí wọ́n ti ń lé ìmàdò, ohun tí ìdí dídín ń fúnni lọ́nà jíjìn ò kàn yín. Ìdí pẹrẹsẹ ló tó yín, ìbọn púpọ̀ máa ń fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àyè tó ń gbà nínú ìkaraun ò sì tó ti èkejì tó bá jẹ́ pé ìwúwo wọn dọ́gba. Ẹ kàn ha etí ìkaraun dáadáa. Tó bá jẹ́ àmì tó wà ní ẹgbẹ̀ta mítà lẹ fẹ́ yìn, ọ̀rọ̀ yí padà, ìdí dídín ni.

Dáì ìtẹ̀ta lásán àbí èyí tó ní àpò tó ń sún

Dáì lásán ní ọ̀pá kan tó ń ti orí ọta wálẹ̀, kò sí ohun tó di ìkaraun àti orí ọta mú kí wọ́n tọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní àpò tó ń sún, bíi ti Forster àti Redding Competition, máa ń gba ìkaraun àti orí ọta mọ́ra, á mú wọn tọ́, ó tó wá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní míkírómítà lórí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọta wọlé sí i ní 0.05 mm, ẹ yí i, ó tán. Ó wọ́n ju ti lásán lọ dáadáa.

Ta ló yẹ kó rà á? Ẹni tó ń pààrọ̀ orí ọta léraléra, tàbí tó ń wá ihò kékeré lórí ìwé ní ọ̀nà jíjìn. Ọdẹ tó ń lo orí ọta kan ṣoṣo, dáì lásán tó o, tó bá lè ṣe nǹkan wọ̀nyí. Tẹ orí ọta dé ìdajì, yí ìkaraun sí òdìkejì nínú pírẹ́sì, tẹ̀ ẹ́ parí. Kò náni ní nǹkan kan, ó sì máa ń dín wíwọ́ kù.

Ìṣòro tí wọ́n máa ń dá dáì lẹ́bi lé lórí jù ni ilà yíká tí ọ̀pá ń fi sára orí ọta. Ẹ bi ara yín ní mẹ́ta. Ṣé ọrùn há jù ni? Ó sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ búṣìn àti gíráfáìtì. Ṣé ẹ̀tù ló kún débi tí orí ọta ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọta tẹ́ ẹ tẹ̀ lónìí lè ti gòkè díẹ̀ tẹ́ ẹ bá wọn ọ́n lọ́la, ẹ lo ẹ̀tù míì tó wà nínú ìwé tó gba àyè díẹ̀. Àbí ẹnu ọ̀pá náà ò bá ìrísí orí ọta mu? Orí ọta tó gùn tó mú lè kan òkè inú ọ̀pá pẹ̀lú ṣóńṣó ẹ̀, dípò kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló kàn án. Àwọn tó ṣe dáì máa ń ta ọ̀pá míì fún irú ọta bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó ra dáì tuntun.

Kí lẹ fẹ́ máa wọ̀n: ṣóńṣó àbí ẹ̀gbẹ́?

Ìwọ̀n láti ìdí ìkaraun dé ṣóńṣó ọta ni ìwé máa ń sọ: 57.40 mm ló pọ̀ jù fún .223, 71.12 mm fún .308, 84.84 mm fún .30-06. Ìwọ̀n yẹn ló ń sọ bóyá ọta á wọ máágásìnì. Àmọ́ ṣóńṣó òjé rírọ̀ máa ń wó, ti oníhò ò sì dọ́gba látinú páálí, ẹ lè máa rí ìyàtọ̀ lórí kálípà kẹ́ ẹ máa yí dáì sókè sódò, nígbà tó jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ṣe dáì. Ohun ìwọn tó ń kan ẹ̀gbẹ́ orí ọta, níbi tí ó ti máa kan ilà tí wọ́n gbẹ́ sínú ojú ìbọn, ìyẹn ló ń sọ òótọ́. Ẹ ní méjèèjì. Ti ṣóńṣó fún máágásìnì, ti ẹ̀gbẹ́ fún dáì.

Àwọn kan fẹ́ràn kí orí ọta kan ilà inú ìbọn gan-an. Fún àmì nílé ìyìnbọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ṣe é. Fún ọdẹ, rárá. Ó máa ń mú agbára inú ga, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yọ ọta jáde nírọ̀lẹ́ láìyìn ín, orí ọta lè há sínú ìbọn, kí ìkaraun jáde, kí ẹ̀tù sì dà kún inú bóòtì. Ẹ jẹ́ kí àyè wà. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ wọlé ju ìwé lọ, torí àyè inú á kéré, agbára á tún ga nìyẹn. Ibi yòówù tẹ́ ẹ bá sún un sí, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀tù tó wà nínú ìwé.

Kíká ẹnu mọ́ ọta: kẹ́ ẹ ká a àbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀?

Ìbọn oní-bóòtì tí ọrùn ìkaraun ẹ̀ di orí ọta mú dáadáa ò nílò ẹ̀. Ìbọn .30-30 tó ń to ọta tẹ̀léra nínú ọ̀pá lábẹ́ ojú ìbọn nílò ẹ̀ gan-an, kí orí ọta má baà sún wọlé, orí ọta ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ṣóńṣó ẹ̀ pẹrẹsẹ, torí ó fara ti amọ́sì ti iwájú ẹ̀. Èyí tó ń fúnra ẹ̀ ki ọta, ẹ ká a fẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá máa ká a, ẹ má ṣe é pọ̀ mọ́ títẹ ọta. Dáì ìtẹ̀ta lásán lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ sì ni èjìká ti ń wú: ẹnu ìkaraun ti ká wọlé tán, orí ọta ṣì ń lọ sísàlẹ̀, ó wá ń ti ọrùn lọ pẹ̀lú ẹ̀, èjìká á yọ bẹ́kẹ́ díẹ̀ tí ojú ò tiẹ̀ lè rí, ọta ò ní wọ ìbọn mọ́. Ìkaraun tó gùn ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ ló kọ́kọ́ máa ń ṣe é. Dáì ìkánu tó dá wà, bíi Factory Crimp ti Lee, ò wọ́n, òun ni kẹ́ ẹ mú. Ẹni tí kò sì ní ká a rárá gbọ́dọ̀ gbé dáì ìtẹ̀ta ẹ̀ sókè: ẹ fi ìkaraun òfìfo tẹ́ ẹ ti gé sínú pírẹ́sì, ẹ gbé e sókè tán, ẹ yí dáì wálẹ̀ títí tẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n lára pé ó kan ẹnu ìkaraun, ẹ wá yí i padà sókè ní odindi ìyípo kan, kẹ́ ẹ tó tì í.

Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́: òòlù àbí kọ́lẹ́ẹ̀tì?

Ọta tó ti bàjẹ́, ẹ má gbìyànjú láti fi agbára tì í wọ inú ìbọn. Òòlù ìfàta ò wọ́n, ẹ fi ọta sínú ẹ̀, ẹ nà án mọ́ igi líle, orí ọta á yọ, ó tó fún ẹni tó ń ba méjì mẹ́ta jẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kàn fi fóòmù kékeré sísàlẹ̀ inú ẹ̀ kí ṣóńṣó má baà wó. Kọ́lẹ́ẹ̀tì tó ń wọ orí pírẹ́sì máa ń di orí ọta mú tí á fà á yọ láìpariwo, ẹ̀tù ò ní dà, ó dáa tí odindi páálí bá ní àṣìṣe kan náà, àmọ́ kálíbà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kì í sì í di ọta tí ìwọ̀nba ẹ̀ ló yọ síta mú dáadáa. Ẹ wọ gíláàsì ojú fún méjèèjì. Ẹ̀tù tó bá jáde, tẹ́ ò bá mọ agolo tó ti wá dájú, ẹ má dà á padà sínú agolo kankan.